Omi Ìdọ̀tí Ìlú Ńlá àti Ibùgbé Ẹyẹ, Ẹja àti Ẹranko: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

A kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ nítorí pé àwọn náà ni ó máa ń wáyé nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí omi ìdọ̀tí ìlú ṣe lè di ibùgbé fún ẹ̀dá mìíràn. Èyí tí ó rọrùn ni ó ṣáájú, èyí tí ó le ni ó kẹ́yìn.

Kí ni a ń pè ní omi ìdọ̀tí ìlú?

Gbogbo omi tí a ti lò tí a sì dà nù ni: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìdáná, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tú jáde. Nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, ó lé ní 99 tí ó jẹ́ omi lásán. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀rá, ọṣẹ, oògùn àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àìsàn wà.

Kí ló kan ẹja àti ẹyẹ nínú omi tí àwa ènìyàn dà nù?

Odò ni omi náà ń lọ níkẹyìn. Bí ó bá dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé a fọ̀ ọ́ mọ́, àwọn baktéríà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, bí wọ́n sì ti ń jẹ ni wọ́n ń fa ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja kò ní ohun tí yóò mí mọ́. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, débi pé ní ọdún 1957 àwọn onímọ̀ sọ pé odò náà ti kú.

Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tún wà nínú omi yìí, ajílẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ń mú kí àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò rí gbilẹ̀ títí omi yóò fi di àwọ̀ ewé, tí ìmọ́lẹ̀ kò ní lè wọ ìsàlẹ̀ mọ́; nígbà tí wọ́n bá sì kú tí wọ́n ń rà, ọ́síjìn tún tán nìyẹn. Amóníà, èròjà kan tí ó máa ń wá láti inú ìtọ̀, jẹ́ májèlé ní tirẹ̀ fún ẹja, kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Omi ìlú kì í gbẹ. Lójoojúmọ́, ní òjò àti ní ẹ̀rùn, ó ń ṣàn. Níbi tí a ti fa àbàtà gbẹ tí a sì kọ́lé lé e lórí, omi tí ìlú fọ̀ mọ́ lè jẹ́ omi kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù fún ẹyẹ aṣíkiri láti bà sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tí ń ya àwòrán ibùdó ìfọmi rí omi yìí bí ohun tí a kàn fẹ́ sọ nù.

Àwọn ìpele wo ni omi náà ń gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹranko?

Lákọ̀ọ́kọ́, a óò fi irin sẹ́ aṣọ, ọ̀rá àti ike kúrò, a óò sì jẹ́ kí iyanrìn sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, omi yóò dúró jẹ́ẹ́ nínú táńkì ńlá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀. Ìpele tí ó tẹ̀ lé e ni ti baktéríà: a óò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kí àwọn baktéríà lè jẹ ìdọ̀tí tí ó ti yòrò mọ́ ọn. Ibòmíràn ní ìpele mìíràn sí i, níbi tí a ti ń yọ náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí a sì ń pa kòkòrò àìsàn.

Lẹ́yìn àwọn ìpele wọ̀nyí ni ó dára kí ẹyẹ àti ẹja tó bá omi náà pàdé. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí àbàtà ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nítorí owó. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ìlú ńlá. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ń wọ àbàtà lójoojúmọ́, àbàtà náà yóò kún, yóò máa rùn, àwọn ẹ̀dá tí a torí wọn ṣe é yóò sì sá lọ.

Kí ni àbàtà àtọwọ́dá, báwo ló sì ṣe ń fọ omi?

Ilẹ̀ tí a gbẹ́, tí a dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jò, tí a gbin koríko etí omi sí, tí a sì ń jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, Käthe Seidel, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ti ń dán an wò bóyá koríko omi lè fọ omi ìdọ̀tí mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e.

Bí a bá fa ìdí koríko kan tu nínú irú àbàtà bẹ́ẹ̀, a óò rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ohun tí ń yọ̀ yẹn ni òṣìṣẹ́ gidi: àìmọye baktéríà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò àti igi koríko. Àwọn tí ó wà níbi tí ọ́síjìn dé ń sọ amóníà di náítíréètì. Àwọn tí ó wà nínú ẹrẹ̀ níbi tí ọ́síjìn kò dé ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ náítírójìn, èyí tí ń bọ́ padà sójú ọ̀run láìpa ẹnikẹ́ni lára. Koríko fúnra rẹ̀ ń fa díẹ̀ mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ó fún àwọn baktéríà ní ilé.

Oríṣi méjì ni ó wà. Nínú èkíní, omi ń gba abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kọjá, a kì í sì í rí i lójú. Nínú èkejì, omi hàn gbangba bí adágún. Èkejì ni ẹyẹ, ọ̀pọ̀lọ́ àti lámilámi lè lò.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí a ti ṣe é tí ó sì yọrí sí rere?

Ó wà dáadáa. Ní Arcata, ìlú kékeré kan ní Califóníà, wọ́n sọ ilẹ̀ etí òkun tí ààtàn àti ilé iṣẹ́ pákó ti bà jẹ́ di àbàtà tí omi ìdọ̀tí ìlú ń gbà kọjá. Láti 1986 ni àbàtà náà ti jẹ́ ara ìlànà ìfọmi ìlú. Gbogbo ibẹ̀ lé ní 300 éékà, oríṣi ẹyẹ tí a sì ti rí níbẹ̀ lé ní 300.

Ní Werribee, lẹ́bàá Melbourne ní Ọsirélíà, ibùdó ìfọmi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1897 gba ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 10,500 hẹ́kítà. Láti 1982 ni àwọn adágún rẹ̀ ti wà nínú àbàtà tí àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò àbàtà, mọ̀ sí pàtàkì. Àwọn ẹyẹ etí omi tí ń fò wá láti Siberia máa ń jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó padà.

Ti Kolkata ní Íńdíà yàtọ̀. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ni ó fi ìrírí ara wọn kọ́ bí a ti ń da omi ìdọ̀tí ìlú sínú adágún tí kò jìn, kí oòrùn àti ewéko tíntìntín fọ̀ ọ́, kí ẹja sì jẹ ewéko náà. Nǹkan bí 12,500 hẹ́kítà ni àbàtà ìlà-oòrùn ìlú náà, ó sì wọ àkọsílẹ̀ Ramsar ní 2002. Dhrubajyoti Ghosh, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbèjà ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé sí i.

Báwo ni a ṣe ń ya àwòrán àbàtà tí ẹ̀dá yóò lè gbé inú rẹ̀ ní tòótọ́?

Bí omi ṣe jìn sí ni kí a kọ́kọ́ rò. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń tọ ẹrẹ̀ jẹun kò lè lo omi tí ó ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Koríko etí omi ń fẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60. Ẹyẹ tí ń rì wọ omi àti ẹja ń fẹ́ ibi tí ó ju mítà 1 lọ. Adágún tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí kan dé èkejì, irú èyí tí ó rọrùn jù fún katapílà láti gbẹ́, ẹ̀dá oríṣi kan péré ni yóò gbà. Kí ìsàlẹ̀ ga níhìn-ín, kí ó jìn lọ́hùn-ún.

Etí omi ni ó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni mo rò pé a ti ń ṣe àṣìṣe jù. Ògiri kọnkéré tí ó dúró ṣánṣán máa ń wu onímọ̀ ẹ̀rọ nítorí pé kì í wó, kì í sì í gba ilẹ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀lọ́ tí ó bọ́ sínú irú rẹ̀ lóru: yóò lúwẹ̀ẹ́ yí ká, yóò na ọwọ́ mọ́ ògiri, ọwọ́ yóò yọ̀, yóò tún yí ká, títí agara yóò fi dá a tí yóò sì rì. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò tíì lè fò náà ń kú báyìí. Kí etí omi rọra dagẹ̀rẹ́, kí ó gùn tó mítà 10 fún mítà 1 tí ó bá lọ sílẹ̀. Níbi tí ògiri kò bá ti ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí a tẹ́ pákó tàbí òkúta tí ẹranko lè gùn jáde. Kí etí náà sì wọ́, kí ó má tọ́ bí ìlà, torí etí tí ó wọ́ gùn ju èyí tí ó tọ́ lọ, etí omi sì ni oúnjẹ pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí erékùṣù kéékèèké wà láàárín omi fún ẹyẹ tí ń yé ẹyin sílẹ̀, kí omi yí i ká ní jíjìn tó kí ajá àti ológbò má baà dé ibẹ̀. Igi gbígbẹ tí ó dúró nínú omi kì í ṣe ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni ẹyẹ ń bà sí láti sá aṣọ ìyẹ́ rẹ̀ sóòrùn.

Ohun tí a sì máa ń gbàgbé ni bí omi ṣe ń ga tí ó sì ń lọ sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí omi sílẹ̀ gbuurugbu ní àkókò tí ẹyẹ sàba, gbogbo ìtẹ́ etí omi ni yóò rì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń ṣí fáàfù gbọ́dọ̀ mọ oṣù tí ẹyẹ ń yé ẹyin, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Ewéko wo ni ó yẹ kí a gbìn?

Èyí tí ó jẹ́ ti agbègbè náà, kí ó sì ju oríṣi kan lọ. Ibi tí koríko kan ṣoṣo bá ti gba gbogbo omi, ẹyẹ díẹ̀ ni ó ń lò ó.

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú omi tí ajílẹ̀ pọ̀ sí, ohun tí ó bá lékè lè bo gbogbo ojú omi mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Èyí tí ó léwu jù ni ewéko omi olódòdó àlùkò (water hyacinth) tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó sì ti dí odò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ káàkiri àgbáyé. Lóòótọ́ ni ó ń fa ajílẹ̀ mu, síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti mú un wọ ibi tí kò sí.

Ṣé kì í ṣe ilé ẹ̀fọn ni a ń kọ́ yìí?

Ìbẹ̀rù tí ó tọ́ ni. Tanwíjí ń gbèrú nínú omi tí kò mì, tí koríko ti dì pọ̀ sí tí ẹja kò lè wọ ibẹ̀, tí ìdọ̀tí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdáhùn náà wà nínú àwòrán: kí omi tí ó jìn tí ó sì ṣí sílẹ̀ la àárín koríko kọjá, kí ẹja lè dé ibi gbogbo, kí omi má sì dúró sójú kan.

Ọmọ lámilámi, kí ó tó hu ìyẹ́, inú omi ni ó ń gbé. Yóò lúgọ sídìí koríko láìmira; bí tanwíjí bá ti kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò nà jáde lójijì bí ọwọ́, yóò gbá a mú. Irú ọdẹ báyìí kì í gbé nínú omi tí ó dọ̀tí jù, nítorí náà bí a bá ṣe fọ omi mọ́ tó kí ó tó wọ àbàtà ni ẹ̀fọn yóò ṣe dín kù tó. Ẹja Gambusia tí àwọn kan ń gbé kiri láti jẹ tanwíjí ti pa ẹja ìbílẹ̀ lára ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹja ìbílẹ̀ ni kí a lò.

Ṣé yóò máa rùn?

Àbàtà tí ó ń gba omi tí baktéríà ti ṣiṣẹ́ lé lórí kì í rùn ju àbàtà mìíràn lọ. Bí ó bá ń rùn, ó túmọ̀ sí pé ìdọ̀tí tí ń wọlé ti ju agbára rẹ̀ lọ, kí a sì wá ìdí rẹ̀ lọ sí òkè, níbi tí omi ti ń wọlé.

Ìlú wa ti kún, kò sí ilẹ̀. Kí ni a lè ṣe?

Lóòótọ́ ni àbàtà ń gba ilẹ̀ púpọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ìlú tí kò ní ilẹ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe gbogbo ìfọmi, kí ó wá fi àbàtà kékeré kan sí ẹnu páìpù níkẹyìn, kí omi tutù níbẹ̀ kí ó tó dé odò. Ibi tí páìpù ti ń tú omi sódò pàápàá ṣeé tún ṣe: kí a tẹ́ òkúta síbẹ̀ kí omi má baà gbẹ́ bèbè, kí a gbin igi tí yóò ṣíji bò ó. Iná alẹ́ tí ń tàn sójú omi ń da àdán àti kòkòrò láàmú. Kí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí a sì pa èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Kí ni omi òjò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́, omi òjò àti omi ìdọ̀tí ń gba páìpù kan náà. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, páìpù yóò kún, gbogbo rẹ̀ yóò sì ya wọ odò láìfọ̀. Ọjọ́ kan báyìí lè ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́ fún ẹja. Lọ́ńdọ̀nù gbẹ́ ihò ńlá kan sábẹ́ odò Thames nítorí èyí, ó gùn ní kìlómítà 25, ó sì fẹ̀ ju mítà 7 lọ. Ìlú tí kò lágbára irú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti òkè: kí òjò wọ ilẹ̀ ní ibi tí ó bá rọ̀ sí, nínú kòtò oníkoríko àti ọgbà, kí ó tó dé gọ́tà.

Ṣé ènìyàn lè jẹ ẹja inú omi náà?

Kì í ṣe láìsí àyẹ̀wò. Àwọn ará Kolkata ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí omi ti lo ọjọ́ púpọ̀ nínú oòrùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2006 lórí lílo omi ìdọ̀tí fún oko àti fún ẹja, kí a sì tẹ̀ lé e. Níbi tí omi ilé iṣẹ́ bá ti dà pọ̀ mọ́ ti ilé, irin olóró lè wà nínú ẹran ẹja, síse kò sì lè mú un kúrò.

Kí ni ó lè sọ ibùgbé yìí di pàkúté?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó máa gba oorun lójú àwa tí a fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ẹyẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú omi. Ó rí i tí ó ń dán, ó sì bà. Ní Kesterson, ní Califóníà, omi tí ó ṣàn láti oko wọ àwọn adágún ibi ààbò ẹyẹ, sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, èròjà inú ilẹ̀ tí ó ń di májèlé bí ó bá pọ̀ jù, sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ ẹyẹ tí kò lójú, tí ẹsẹ̀ tàbí àgógó rẹ̀ wọ́. Omi oko ni, kì í ṣe omi ilé, ṣùgbọ́n ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ níbi tí a kò bá ti mọ ohun tí ilé iṣẹ́ ń dà sínú páìpù.

Oògùn tí ènìyàn ń lò náà tún máa ń wà nínú omi ìdọ̀tí. Láti 2001 dé 2003, Karen Kidd, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Kánádà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwọ̀n kínún èròjà oògùn ìfètòsọ́mọbíbí sínú adágún kan ní Kánádà. Àwọn akọ ẹja kékeré inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì abo, iye ẹja náà sì já wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibùdó ìfọmi ti àtijọ́ kì í yọ irú èròjà báyìí tán. Kiloríìnì tí a fi ń pa kòkòrò náà ń pa ẹja. Kí a yọ ọ́ kúrò kí omi tó jáde, tàbí kí a lo ìmọ́lẹ̀ UV, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tí ó ń pa kòkòrò, dípò rẹ̀.

Nígbà ooru, àìsàn tí májèlé baktéríà ń fà, tí a ń pè ní bótúlísíìmù, lè pa ẹyẹ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹyẹ kan kú, ìdin jẹ òkú rẹ̀, májèlé kó sínú ìdin, pẹ́pẹ́yẹ jẹ ìdin, òun náà kú. Kíkó òkú ẹyẹ kúrò lójoojúmọ́ ni ó ń já okùn náà. Iṣẹ́ tí kò dùn ni, ṣùgbọ́n kí a ti ya ẹni tí yóò máa ṣe é sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́?

Iye ẹyẹ tí ó bà sínú omi kò tó. Ẹ ka ọmọ tí ó dàgbà tí ó sì fò. Adágún tí ẹyẹ kún inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọ kan kì í ti ibẹ̀ fò jáde, nǹkan kan ń ṣe é. Kí a máa yẹ amóníà, ọ́síjìn àti irin olóró wò nínú omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹyin tí kò pa.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà nítòsí wa. Ṣé a lè ṣe é?

Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹyẹ tí ó bá kó sínú ẹ́ńjìnnì lè já ọkọ̀ lulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ni pé kí ohun tí ń fa ẹyẹ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí pápá tí ọkọ̀ onítọ́báìnì, bíi ti jẹ́ẹ̀tì, ń lò, kí ó sì tó máìlì 5 sí ibi tí ọkọ̀ ń gbà balẹ̀ tàbí gbéra. Nítòsí irú ibẹ̀, àbàtà tí omi rẹ̀ ń gba abẹ́ òkúta ni kí a ṣe.

Bí ìlú bá fẹ́ tún omi náà lò, kí ni yóò kù fún ẹja?

Ìjà yìí ń pọ̀ sí i bí omi ti ń wọ́n. Ní gúúsù Arizona, púpọ̀ nínú omi tí ń ṣàn nínú odò Santa Cruz jẹ́ omi tí ilé ìfọmi tú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ibùdó tí ó wà nítòsí ààlà Mẹ́síkò ṣe ní 2009, amóníà dín kù, nígbà tí ó sì di 2015, wọ́n rí ẹja kékeré kan tí ń jẹ́ Gila topminnow, tí ó ti wà nínú ewu àkúrun, tí ó ti padà sínú odò náà. Bí wọ́n bá darí gbogbo omi yẹn lọ síbòmíràn lọ́la, ẹja náà kò ní ibi tí yóò lọ. Kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ó kọ iye omi tí ó kéré jù tí yóò máa ṣàn sínú ìwé àdéhùn, nítorí pé nígbà ọ̀dá, ohun tí a kò kọ sílẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ gbà.

Bí a bá fọ omi mọ́ jù, ṣé ebi kò ní pa ẹyẹ?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdọ̀tí ni ó ń bọ́ aràn àti kòkòrò inú ẹrẹ̀, àwọn náà ni ẹyẹ ń jẹ. Ní 1996, ìwádìí lórí ìyawọlẹ̀ omi òkun Melbourne dábàá pé kí náítírójìn tí ń wọ ibẹ̀ dín kù ní tọ́ọ̀nù 1,000 lọ́dọọdún, ìpín ńlá nínú rẹ̀ sì kan Werribee. Òkun nílò ìdínkù yìí. Síbẹ̀, àwọn tí ń ṣọ́ ẹyẹ ń bẹ̀rù pé oúnjẹ yóò dín kù lórí ẹrẹ̀ etí òkun níbi tí ẹyẹ Siberia ti ń sanra fún ìrìn àjò.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n fi àwọn adágún kan sílẹ̀ fún ẹyẹ, wọ́n ń darí omi sí wọn lọ́nà tí ó bá ẹyẹ lára mu, wọ́n sì ń ka ẹyẹ léraléra láti rí ohun tí ó ń yí padà. N kò rí ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ. Kí omi tí ń lọ sí òkun mọ́ tónítóní. Kí adágún tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ ní oúnjẹ nínú. Kí ẹni tí ń ka ẹyẹ àti ẹni tí ń ṣí fáàfù sì máa jókòó sídìí tábìlì kan náà kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀.